Gólikípà Tiwa-n-Tiwa

Ẹ bá mi fa kọ́tìnì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n lè rí ìta. Ẹ ṣeun. Láti ìgbà tí ẹ ti jókòó síbẹ̀ yẹn lẹ ti ń pariwo nítorí agbábọ́ọ̀lù tí ẹ ò bá pàdé rí, ọmọ Brazil, ọmọ Portugal, ẹ ní "àwa la borí." Àwa wo? Èwo nínú wọn ló mọ ilé yín? Mò ń fi yín ṣeré ni, inú kò bí mi. Ó kàn mú mi rántí pé àwa náà ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tiwa rí ní Thamesmead níbí, tó jẹ́ pé bí a bá pe ara wa ní àwa, àwa náà gan-an ni. Ẹ dín ohùn tẹlifíṣọ̀n yẹn kù. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀pà, ó wà nínú abọ́.

Tiwa-n-Tiwa ni orúkọ ẹgbẹ́ náà. Èmi ni kóòṣì, èmi náà ni mánéjà, èmi náà ni mo ń fọ jẹ́sì nígbà tí ìyá yín bá jẹ́ kí n lo ẹ̀rọ ìfọṣọ. Dádì Kóòṣì ni gbogbo wọn ń pè mí, títí kan àwọn tí mo fi ọdún díẹ̀ péré jù. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà nígbà náà, láti Woolwich lọ sí Thamesmead, padà. Láti orí àga dírẹ́bà ni mo ti máa ń rí àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri, mo sì mọ ilé olúkúlùkù wọn. Òfin wa kò ju ẹyọ kan lọ: ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní àdúgbò wa nìkan ló lè wọ jẹ́sì wa. Láti Barnfield Estate ní Woolwich lókè lọ́hùn-ún, dé Plumstead, dé Abbey Wood, kí o sọ̀kalẹ̀ Harrow Manorway wọ Thamesmead, ó parí. Ọmọ Peckham kò sí nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọba.

Alhaji Sùbérù ló dá a sílẹ̀. Ìjẹ̀bú ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí Beresford Square níbi tó ti ń ta gààrí, ẹja gbígbẹ àti káàdì fóònù. Ẹ ò ní mọ káàdì fóònù. Nígbà náà, kí o tó bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀ nílé, o máa fi owó ẹyọ họ ẹ̀yìn páálí kan, o máa tẹ nọ́ńbà gígùn bí ọ̀nà Ṣàgámù, yóò sì já kí ìyá rẹ tó béèrè àlàáfíà rẹ tán. Ìdí tí Alhaji fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Nígbà náà, àwọn ọmọ Woolwich àti àwọn ọmọ Thamesmead kì í fẹ́ rí ara wọn sójú. Àwọn ìyá wọn ń pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn bàbá wọn ń pàdé ní mọ́ṣáláṣí, àwọn ọmọ wá ń fi ọ̀bẹ lé ara wọn kiri nítorí àdúgbò tí wọn kò ní ilé kan ṣoṣo níbẹ̀. Alhaji ní, "Ẹ jẹ́ ká kó wọn sínú jẹ́sì kan. Ọmọ tó fún ọ ní bọ́ọ̀lù tí o fi jẹ gólì lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ojú á tì ọ́ láti lé e lọ́jọ́ Mọ́ńdè." Ó rí bẹ́ẹ̀, mo sì fi ojú mi rí i. Àwọn géńdé méjì kan wà tí wọn kò lè wọ bọ́ọ̀sì kan náà tẹ́lẹ̀, èmi ni mo mọ̀, torí bọ́ọ̀sì mi ni. Kó tó di ìparí ọdún kejì, ọ̀kan ṣe ọ̀rẹ́ ọkọ níbi ìgbéyàwó èkejì.

Beresford Square la ti ra jẹ́sì àkọ́kọ́. Ọjà ni ọjà nígbà náà, ẹ má wo bó ṣe dà báyìí. Láti ibi ìdúró bọ́ọ̀sì lo ti máa gbọ́ ohùn àwọn òyìnbó tó ń ta èso, wọn á máa kọrin abọ́ kan, abọ́ kan, bí ẹni ń polówó iṣu ní Ọ̀jẹ́. A rí jẹ́sì aláwọ̀ ewé àti funfun, ó wọ̀ wá lójú, a kó gbogbo rẹ̀. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, funfun náà di ewé. Kì í ṣe ewé gidi o, ó kàn rí bí omi ẹ̀fọ́. Alhaji ní ká dá a padà, ẹni tó tà á fún wa ti kó kúrò lójúkò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọ̀ omi ẹ̀fọ́ títí tí ẹgbẹ́ náà fi parí, nígbà tí a sì lówó láti ra òmíràn, àwọn ọmọ kọ̀. Wọ́n ní èyí ti di tiwa.

Pápá wa wà lọ́nà tó lọ sí etí odò. Ẹṣin àwọn kan máa ń jẹko níbẹ̀, a máa ń lé wọn kúrò kí a tó fa ìlà, wọn á sì padà wá dúró sẹ́yìn gólì bí ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Atẹ́gùn odò Thames kò mọ àgbà, kò mọ ọmọdé. Bí o bá gbá bọ́ọ̀lù sókè níbẹ̀ nínú oṣù Kejì, ó lè padà bá ọ. Tí a bá parí, Mummy Ìbejì, ìyá àwọn agbábọ́ọ̀lù wa méjì kan, á ṣí kúlà rẹ̀, á gbé àkàrà gbígbóná jáde, á da ògì láti inú fíláàsì, eré tí a jẹ àbí èyí tí wọ́n jẹ wá, ògì kan náà ni. Mo ti jẹun ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá láti ìgbà náà, níbi ìgbéyàwó àwọn ẹ̀gbọ́n yín, kò sí èyí tó wọ̀ mí lára bí ògì orí ẹrẹ̀ yẹn.

Sọ́ńdè ni lígì wa, ìyẹn sì ni wàhálà. Ìdajì àwọn ọmọ wa jẹ́ ọmọ Aládùúrà, àwọn ìyá wọn kò sì ní gbọ́ pé ẹnikẹ́ni fi ìsìn sílẹ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù. A wá fi ẹnu kò sí i pé kí wọ́n lọ sí àdúrà òwúrọ̀, kí wọ́n wọ jẹ́sì sábẹ́ sùtánà, bí wọ́n bá ti ṣe àmín tán, kí wọ́n máa sáré bọ̀. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, à ń bá ẹgbẹ́ kan gbá, ìkùukùu bo gbogbo pápá, ni wọ́n bá rí àwọn géńdé kan nínú aṣọ funfun, ẹsẹ̀ lásán, tí wọ́n ń sáré bọ̀ láti apá Harrow Manorway. Gólikípà wọn fi ìdí àwọ̀n sílẹ̀. Rẹ́fírì bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé àwọn wo nìyẹn. Mo ní àwọn agbábọ́ọ̀lù mi tó kù ni, kó jọ̀ọ́ kó dúró kí wọ́n wọ bàtà.

Àwọn Mùsùlùmí náà ní tiwọn. Bí Iléyá bá bọ́ sí àsìkò bọ́ọ̀lù, Alhaji á gbé ẹran àgbò wá sí pápá, gbogbo ọmọ á jẹ, kò sí ẹni tó ń béèrè ẹ̀sìn lẹ́nu ẹran. Bí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì bá dé, ẹ ó rí àwọn ọmọ Mùsùlùmí wa tí wọ́n ru iṣu àti ọ̀pẹ òyìnbó lọ sí ẹnu ọ̀nà ìjọ. Ní àsìkò ààwẹ̀, tí oòrùn ìgbà ooru kì í fẹ́ wọ̀, àwọn tó ń gbààwẹ̀ á máa ṣe ìdánrawò pẹ̀lú ètè gbígbẹ, àwọn tí kò gbà á á sì lọ mu omi wọn lẹ́yìn igi, kí òùngbẹ má baà pọ̀ lójú àwọn yòókù. Èmi kọ́ ni mo sọ fún wọn o. Mo kàn rí i lọ́jọ́ kan pé gbogbo ike omi ti lọ sẹ́yìn igi. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni mo rí lórí pápá yẹn tó jẹ́ kí n dúpẹ́ pé mo wá sí ìlú yìí.

Ẹ má wá rò pé a máa ń borí o. Ìyà la máa ń jẹ. Àwọn ẹgbẹ́ yòókù ń ṣa ọmọ láti ibi gbogbo, àwa ń wá tiwa láàárín òpópó mélòó kan. Ẹni tó dúró lẹ́yìn fún wa, Bọ̀ọ̀dá Múfú, ti lé ní ogójì ọdún, ọkọ̀ takisí ló ń wà, bó bá sáré lọ síwájú, a máa ń gbàdúrà kó padà. Kóòṣì ẹgbẹ́ kan bi mí lọ́jọ́ kan pé ọmọ Ghana kan wà ní òpópó mi tó mọ bọ́ọ̀lù gbá bí idán, kí ló dé tí mi ò mú un. Mo ní mo mọ̀ ọ́n, mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe tiwa. Ó ní, "Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń jẹ ìyà." Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ lọ́jọ́ tí a bá borí, kò sí ẹnìkan tó máa bi wá pé ta ló bá wa borí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Mummy Ìbejì. Nọ́ọ̀sì olùrànlọ́wọ́ ni, Barnfield ló ń gbé, òun ni ìyá Táyé àti Kẹ́hìndé. Táyé ń gbá àárín fún wa, Kẹ́hìndé ni gólikípà. Ó sì ní ọmọ kẹta. Nígbà tí àwọn ìbejì ṣì kéré, obìnrin òyìnbó kan ń gbé ní ilẹ̀kùn kejì sí tirẹ̀, òun nìkan ló ń tọ́ ọmọkùnrin rẹ̀, Danny, iṣẹ́ òru ló sì ń ṣe. Ọ̀dọ̀ Mummy Ìbejì ni ọmọ náà ń sùn. Ẹ rántí pé láyé àwọn tó ṣáájú wa níbí, àwọn Yorùbá ni ń gbé ọmọ tiwọn fún òyìnbó tọ́ nígbà tí wọ́n ń kàwé, ní Kent, ní àwọn ìlú etíkun. Ọ̀pọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ ló padà sílé tí kò lè jẹ ata. Ti Danny wá yí i padà. Àìsàn mú ìyá rẹ̀, ó kú nígbà tí ọmọ náà ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìyá ìyá rẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn, arúgbó ni, ó bá ọmọ náà níbi tó ti ń fi ọwọ́ jẹ ẹ̀bà láàárín àwọn ìbejì. Ó jókòó tì wọ́n títí wọ́n fi jẹun tán, ó wá bẹ Mummy Ìbejì pé kó bá òun tọ́ ọ.

Bó ṣe di Ìdòwú nìyẹn, torí ọmọ tó bá tẹ̀lé ìbejì, Ìdòwú ni. Ìdòwú yìí sọ Yorùbá ju àwọn ìbejì lọ. Táyé á ní, "Daddy, ṣé o ti jẹun?" mo máa wò ó títí kó tó rántí pé àgbà ló ń bá sọ̀rọ̀. Ìdòwú kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Bó bá rí àgbàlagbà ní àárín ọjà Beresford Square, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àwọn tó ń kọjá á máa yà á ní fọ́tò. Mo sọ fún un pé kó máa tẹrí ba lásán, ilẹ̀ dọ̀tí. Ó ní, "Ẹ má bínú, Daddy, Mummy á gbọ́." Táìlì ló ń lẹ̀ sílé àwọn ènìyàn. Ní Sátidé, ó ń dúró sídìí gólì fún ẹgbẹ́ òyìnbó kan ní Belvedere, gólikípà gidi ni. Kò sí nínú ẹgbẹ́ wa. Òun kò béèrè, àwa kò pè é, òfin ni òfin. Mummy Ìbejì kò sọ nǹkan kan, ó ń da ògì fún wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọdún tí ọ̀rọ̀ náà dé ojú rẹ̀, a wà nísàlẹ̀ pátápátá. Lígì fẹ́ dín ẹgbẹ́ kù, ẹni tó bá gbẹ̀yìn máa lọ sílé ni, kò sí ìpele mìíràn tó máa bọ́ sí. Eré kan ló kù, àwa àti ẹgbẹ́ kan láti Erith, bí a bá gbá ọ̀mì, a ti bọ́. Nínú ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni ẹrù já lu Kẹ́hìndé níbi iṣẹ́, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kán. Gólikípà wa kejì, àwọn òbí rẹ̀ ti kó lọ sí Chatham nítorí owó ilé. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe ń lọ nígbà náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, Chatham, Northampton, ibi tí owó ilé kò tíì gun òkè. Bí o bá wo ilé gogoro tó yí sítéṣọ̀n Abbey Wood ká lónìí, o máa rò pé èrò ló pọ̀ sí i. Èrò pọ̀ lóòótọ́, àwọn tó mọ orúkọ mi ló dín kù.

Ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè, a pàdé nínú gbọ̀ngàn kékeré ní Barnfield. Mo ní, "Ìdòwú wà ńlẹ̀." Alhaji bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún.

"Kóòṣì, ẹ dákun," ló wí. "Ọmọ dáadáa ni Danny, mi ò bá a jà. Àmọ́ ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ọmọ Ghana ńkọ́, tí a kọ̀ láti mú? Ọmọ Sierra Leone yẹn ńkọ́, tó sunkún lójú gbogbo wa? A ní wọn kì í ṣe tiwa. Ṣé ó wá di dandan kó jẹ́ òyìnbó kó tó di tiwa ni?"

Ọ̀rọ̀ náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, mi ò lè purọ́. Táyé ní, "Alhaji, no vex, he's my brother." Alhaji ní, "Mo gbọ́, Táyé. Nílé, àbúrò rẹ ni. Nínú ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ mìíràn ni."

Ìgbà náà ni Mummy Ìbejì dìde. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó kàn da kóòtù bò ó. Kò pariwo, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n mọ̀ pé kì í pariwo.

"Alhaji, mi ò bá ti bọ́ọ̀lù wá," ló wí. "Bí ẹgbẹ́ yìí bá fọ́, á dùn mí, màá sì sùn. Àmọ́ níjọ́ tí Táyé sọmọ lórúkọ, ẹ̀yin la fi ṣe àgbà, ẹ̀yin lẹ gbé oyin. Ẹ pe Kẹ́hìndé kó tọ́ ọ wò. Ìdòwú ló tẹ̀ lé e, ẹ fò ó, ẹ pe ọmọ àbúrò mi tó wá láti Manchester. Ọmọ mi dúró síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò rí i. Ìgbà tó délé, kò jẹun. Ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi lówe yẹn. Ẹ kàn sọ fún mi lójú gbogbo àwọn wọ̀nyí: ọmọ tí mo tọ́, ṣé tiwa ni àbí tiwọn? Bó bá jẹ́ tiwọn, ẹ jẹ́ kí n mọ̀, kí n lè sọ fún un pé kó yé dọ̀bálẹ̀ fún yín."

Alhaji ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Kóòṣì ló ń yan agbábọ́ọ̀lù," ó dé fìlà, ó jáde. Ó ju ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn ń wò mí. Mo ní Ìdòwú ló máa dúró. Ẹ má rò pé akin ni mí. Gólikípà ni mo nílò, ojú Mummy Ìbejì sì wà lára mi.

Mo bá Ìdòwú láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó lọ sí Belvedere, níbi tó ti ń lẹ táìlì balùwẹ̀ ẹnìkan ní Plumstead. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ sínú símẹ́ńtì tútù, mo dì í mú.

"Daddy, Alhaji ńkọ́? Ṣé wọ́n ní kí n gbá?"

"Èmi ni kóòṣì."

"Ẹ má bínú, Daddy. Mi ò kàn fẹ́ kí ojú tún ti Mummy nítorí mi."

Mo ní kó wá. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó gba jẹ́sì náà, ó ká a pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí aṣọ ìsìn, ó fi sínú báàgì iṣẹ́ rẹ̀ lápá ibi tí kò sí eruku. Mo wakọ̀ lọ sílé, inú mi kò balẹ̀.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, òjò winniwinni. Alhaji wá. Kò dúró tì wá, ẹ̀yìn gólì wa ló lọ dúró sí, òun àti agbòòrùn rẹ̀ àti àwọn ẹṣin. Mummy Ìbejì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, kò ṣí kúlà. Ìdòwú gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà o. Ó fò sápá ọ̀tún, ó fò sápá òsì, ó fi àyà gba èyí tí ọwọ́ kò bá. Táyé jẹ gólì kan fún wa, inú wa dùn débi pé Bọ̀ọ̀dá Múfú sáré lọ síwájú, ó sì pẹ́ kó tó padà, ibẹ̀ ni wọ́n ti dá a padà fún wa. Ọ̀kan sí ọ̀kan. Lẹ́yìn ìsinmi, Erith gbógun tì wá, Ìdòwú kò gbà. Mo ń wo aago, mo ń wo rẹ́fírì. Ọ̀mì ti wà lọ́wọ́ wa, ọ̀rọ̀ ti ń parí.

Ẹnìkan gbá bọ́ọ̀lù gíga láti ọ̀nà jíjìn. Kò léwu. Ó ń bọ̀ wálẹ̀ níwájú gólì wa, Bọ̀ọ̀dá Múfú ń fẹ̀yìn rìn lọ sábẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ wà lókè, Ìdòwú náà ti jáde wá láti mú un. Ohun tí gólikípà ń ṣe níbẹ̀ ni kó kígbe, "Múfú, kúrò!" kí ẹlòmíràn sì kúrò. Láàárín àwọn agbábọ́ọ̀lù wa, a ti yanjú ìyẹn tipẹ́: lórí pápá, kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò, orúkọ lásán ni, tí a bá parí kí o wá tọrọ gáfárà. Kò sí ẹni tó rántí sọ fún Ìdòwú. Ní Belvedere, láàárín àwọn òyìnbó, ó ń kígbe lé wọn lórí dáadáa. Àmọ́ Bọ̀ọ̀dá Múfú gbé e jó rí ní kékeré, ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ sì ni ìyàwó rẹ̀. Ẹnu ọmọ náà wúwo. Gbogbo wa la gbọ́ ohun tó sọ, torí pápá ti dákẹ́:

"Ẹ̀gbọ́n Múfú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi í sílẹ̀..."

Kò tíì sọ ọ́ tán tí Múfú fi yíjú padà láti gbọ́ ohun tí àbúrò ń wí. Wọ́n forí sọ ara wọn, àwọn méjèèjì ṣubú, bọ́ọ̀lù náà bọ́ sílẹ̀, ó fò lẹ́ẹ̀kan, ó yí gbiri gbiri gba àárín wọn kọjá, ó wọ àwọ̀n. Rẹ́fírì fọn fèrè gólì, kò pẹ́ ó fọn fèrè ìparí. Ẹgbẹ́ wa ti tán nìyẹn. Ọdún gbogbo yẹn, jẹ́sì omi ẹ̀fọ́ yẹn, àwọn sùtánà inú ìkùukùu, ó parí sórí ẹ jọ̀ọ́.

Mo rí Alhaji tó ju agbòòrùn sílẹ̀, tó wọ pápá. Ẹ̀rù bà mí. Mo sáré, ọmọ mélòó kan sáré tẹ̀ lé mi, a rò pé ó fẹ́ lé ọmọ náà kúrò lójú gbogbo ènìyàn. Ìdòwú rí i tó ń bọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, iwájú orí rẹ̀ kanlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́?" Alhaji ní. Ohùn rẹ̀ dé òdìkejì pápá. "Bọ́ọ̀lù wà lókè, ikú wà lẹ́nu ọ̀nà, o ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi? Ìdòwú, orí rẹ dà? Múfú lo ń pọ́n lé nídìí gólì? Olódo ọmọ. Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Mo ní ta ló kọ́ ọ?"

Ìdòwú kò gbé orí sókè. Ẹnìkan ti ń gba ẹ̀yìn wa bọ̀, bàtà rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Mummy ni. Ó dúró níwájú Alhaji láìwọ bàtà.

"Èmi ni," ló wí. "Èmi ni mo kọ́ ọ."

Alhaji wò ó. Ó wo ọmọ tó nà sílẹ̀, ó tún wo ìyá rẹ̀. Ìbínú náà wà lójú rẹ̀ síbẹ̀, ó kàn jẹ́ pé omi ti ń dà gba àárín rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di ọmọ náà ní apá méjèèjì, ó gbé e dìde, ó sì ń fi ọwọ́ agbádá rẹ̀, agbádá funfun o, nu ẹrẹ̀ kúrò níwájú orí rẹ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ ọwọ́.

"Mummy Ìdòwú," ló wí, "ẹ ti bà á jẹ́ fún bọ́ọ̀lù. Ẹ kú iṣẹ́."